Ìṣù Kankéré Lójú Fèrèsé

Kí sìmẹ́ńtì tó gba ìlú, amọ̀ ni bàbá mi fi ń mọ ilé. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà lẹ́yìn Ọjà Ọba, òun àti bàbá rẹ̀ ló mọ wọ́n. Bí wọ́n bá mọ ìpele kan tán lára ògiri, bàbá mi á bu díẹ̀ nínú amọ̀ náà, á pín in sí méjì, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ yí wọn roboto bí ìṣù òrí. Ọ̀kan á wá sójú fèrèsé ilé wa níbi tí oòrùn ti ń pa á, èkejì á wà níbi iṣẹ́ fún onílé. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ìpele mìíràn lé e títí bàbá mi yóò fi mú òòlù, tí yóò fọ́ ìṣù ojú fèrèsé, tí yóò sì rí i pé inú rẹ̀ ti gbẹ. Ti onílé wà nítorí àríyànjiyàn. Bí onílé bá ń kánjú jù, wọ́n á fọ́ tirẹ̀ lójú rẹ̀ kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Bí ilé bá wá parí, bàbá mi náà ló ń kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀. Á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wọlé, á fẹ̀yìn ti ògiri, yèyé mi á gbé iyán wá, bàbá mi á sì jẹ ẹ́ níbẹ̀ kí onílé tó kó ẹní kankan wọlé. Ó máa ń sọ pé ọ̀mọlé tí kò lè jẹun nínú ilé tó mọ, kó má mọ ọ́n fún ọmọ ẹlòmíì. Bí mo ṣe bá àṣà méjèèjì nìyẹn, n kò sì ro nǹkan kan sí wọn títí di ọdún tí a ṣe dẹ́kìn, ìyẹn àjà oní-sìmẹ́ńtì, sí ilé tíṣà.

Lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó tún ń wá ọ̀mọlé. Ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì kì í yé kọjá lójú títì, ẹni tó bá sì lágbára díẹ̀, á ní búlọ́ọ̀kù lòun fẹ́. Tíṣà kan ní ilé ìwé ìjọ wa ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lápá ẹ̀yìn àdúgbò Fájuyì. Bàbá mi ló mọ ilé tí wọ́n bí tíṣà náà sí, ìdí nìyẹn tó fi pè é pé kó wá máa bójú tó àwọn lébìrà. Bíríkìlà tó gba iṣẹ́ náà, Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ dé, kò sì ju ẹ̀gbọ́n mi àgbà lọ. Èmi náà bá bàbá mi lọ. Mo ti kúrò nílé ìwé láti ìwé kẹrin, lọ́wọ́ tíṣà yẹn gan-an. Omi ni mo ń pọn níbi iṣẹ́.

Bàbá mi àti bíríkìlà kì í jà, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kì í kúrò lára ara wọn.

“Bíríkìlà, ulé tí mo mọ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ ṣì wà lórí ìdúró o,” bàbá mi á wí. Ulé là ń pe ilé níhìn-ín.

“Ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò, Bàbá. Kò tíì ráyè tiwọn ni.”

“Òjò mọ̀ mí. Ìwọ ni kò tíì mọ̀.”

Àwọn lébìrà á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í dá sí i. Adákẹ́ ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Obìnrin kan tí a jọ ń rẹrù máa ń sọ pé bí wọ́n bá jí mi gbé, ẹni tó jí mi ló máa padà wá sọ fún wọn.

Ọjọ́ dẹ́kìn bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́. Káfíńtà ti to pákó sókè, ó sì ti fi igi ti gbogbo rẹ̀ lábẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọ yàrá ìsàlẹ̀ á rò pé inú igbó lòun wà. Irin ti wà lórí pákó. Tíṣà sì ti lọ háyà míkísà, ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta di kankéré.

Ṣọ́bìrì la ti ń fi po kankéré tẹ́lẹ̀. Bó bá ti rẹ àwọn tó ń pò ó, gbogbo wa á sinmi. Kì í rẹ ẹ̀rọ. Bó ṣe ń da èyí sílẹ̀ ló ń yí òmíràn, àwa tí à ń rù ú gun àkàbà kò ráyè nu òógùn. Àwọn tó ń tú àpò sìmẹ́ńtì sí i lẹ́nu ti funfun láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ṣubú sínú láfún. A fi gèlè bo imú, síbẹ̀ itọ́ tí a tu nírọ̀lẹ́ rí bí eérú tí wọ́n pò mọ́ omi. Obìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń wúkọ́, ó ń rojọ́.

“Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó máa gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́ rèé, òun ló wá ń lé wa kiri.”

Ẹ̀rọ kejì wà. Ó ní irin gígùn kan tó ń gbọ̀n, tí wọ́n máa ń tì bọ inú kankéré tútù kó lè wọ abẹ́ irin dẹ́kìn dáadáa, kí ihò má ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e gòkè, ó hó lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Bíríkìlà fa okùn rẹ̀ títí, kò jí. Kankéré ń gorí ara wọn, míkísà kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

“Irin lẹ̀ ń wá kiri,” bàbá mi wí. “Kí lẹsẹ̀ wà fún?”

Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó bọ́ sálúbàtà, ó sì wọ inú kankéré lọ.

“Bàbá, ẹ wọ bàtà!” Bíríkìlà kígbe. “Bàtà òjò mi wà nísàlẹ̀.”

“Ta ló ń wọ bàtà tẹ amọ̀?”

“Kì í ṣe amọ̀, Bàbá!”

“Ohun tó rọ̀, tó tutù, tí wọ́n fi ń kọ́ ulé, kí là ń pè é?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bíríkìlà náà rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ńlá ni amọ̀ títẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ọ̀mọlé fi ń mọ ibi tí amọ̀ le sí, ibi tí omi pọ̀ sí, àti ibi tí òkúta bá sá pamọ́ sí. Ẹni tó wọ bàtà kò lè mọ̀ ọ́n. Bàbá mi tẹ kankéré náà láti etí kan dé èkejì. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń kọ orin tí wọ́n fi ń tẹ amọ̀, àwọn lébìrà sì ń gbè é. Mo ń wò ó láti orí àkàbà, inú mi dùn, torí ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orin yẹn gbẹ̀yìn. Bíríkìlà náà gbà níkẹyìn pé ibi tí bàbá mi tẹ̀ ti kì dáadáa.

Nígbà tí ó ku ìwọ̀nba tí a óò fi parí, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu kankéré, ó yí i sí ìṣù méjì.

“Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?” Bíríkìlà bi í.

“Ẹlẹ́rìí ni.”

“Kankéré kò ní ẹjọ́ nílé ẹjọ́ o, Bàbá.”

Bàbá mi gbé ti onílé sí ìdí dúrọ́ọ̀mù omi níbi iṣẹ́, ó mú ìkejì wá sílé, ó sì gbé e sójú fèrèsé.

Kó tó di pé a jẹun alẹ́, ẹsẹ̀ ti ń yún un. Ó wẹ̀ ẹ́, ó fi epo pupa pa á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, awọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti funfun bí ti òkú, ó ń ṣí kúrò, abẹ́ rẹ̀ pupa. Kò lè fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. A fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Nọ́ọ̀sì fi omi fọ̀ ọ́ títí, ó fi oògùn aláwọ̀ aró pa á, ó sì fi aṣọ wé e.

“Sìmẹ́ńtì ló jó yín, Bàbá,” ó wí.

“Ohun tó tutù ló jó mi?”

“Òun ni, sà. Ẹ má fi ẹsẹ̀ yìí tẹlẹ̀ títí ó fi máa san.”

Kò yé e. Títí a fi délé ló ń bi yèyé mi pé, “Ohun tó tutù?” Yèyé mi ní òun kọ́ ló pò ó.

Bíríkìlà wá kí i kó tó lọ síbi iṣẹ́ mìíràn tó gbà ní Ìkẹ̀rẹ̀. Oorun ti gbé bàbá mi lọ, nítorí náà èmi ló fi ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

“Adákẹ́, gbọ́. Fi àpò bo dẹ́kìn yẹn, kó o máa da omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Má jẹ́ kó gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi abẹ́ rẹ̀ kí n tó dé. O gbọ́?”

Mo mi orí pé mo gbọ́.

Kì í ṣe ìgbà tí omi pọ̀. A máa ń tò sídìí kànga, àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì ń wo ibi tí mo ń gbé omi gbà.

“Ṣé ẹ̀fọ́ ni tíṣà gbìn sókè yẹn ni?” ọ̀kan bi mí.

Mo ru omi mi, mo ń lọ. Mo ń pọn ọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù, mo ń gbé e gun àkàbà láti ibẹ̀, mo sì ń dà á. Ìdí dúrọ́ọ̀mù di ẹrẹ̀ nítorí omi tó ń ta sílẹ̀.

Nílé, oòrùn àti ọyẹ́ ń ṣiṣẹ́ tiwọn lára ìṣù ojú fèrèsé. Orí ẹní ni bàbá mi dùbúlẹ̀ sí, ó kọjú sí i. Láàárọ̀, á na ọwọ́ sí i, á fi èékánná họ ọ́. Ó kọ́kọ́ rí bí eérú, lẹ́yìn náà ó wá funfun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tíṣà gbé ọsàn wá kí i. Ó ní káfíńtà ti ń bèèrè igi rẹ̀, ó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ mìíràn, òun náà sì fẹ́ kí iṣẹ́ ilé náà tẹ̀ síwájú kí ọdún Àjíǹde tó dé. Ó bi bàbá mi pé kí ni kí àwọn ṣe, bíríkìlà kò tíì ti Ìkẹ̀rẹ̀ dé.

Bàbá mi ní kí n gbé òòlù wá. Ó gbé ìṣù náà sílẹ̀, ó lù ú, ó sì fọ́ sí mẹ́rin. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sójú tíṣà.

“Ẹ wò ó, Tíṣà. Inú rẹ̀ gbẹ fáú. Kí káfíńtà wá yọ igi rẹ̀ lọ́la.”

“Ṣé kò ní sí ewu, Bàbá?”

“Wọ́n á gbé mi wá. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa wà.”

“Ẹ̀yin lẹ mọ ilé tí wọ́n bí mi sí,” tíṣà wí, ó sì dìde. “Ó ti tó.”

Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú igbá omi tí mo bù fún tíṣà. Ọ̀rọ̀ bíríkìlà wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ lójú tíṣà tó kọ́ mi níwèé. Ìgbà tó lọ tán ni mo tó sọ ọ́.

“Bàbá, bíríkìlà ní kí wọ́n má yọ igi kankan kí òun tó dé. Ó ní kí n máa da omi sí i.”

“Kó o máa da kí ni sí i?”

“Omi, Bàbá.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, ó dìde jókòó.

“Ìwọ, ọmọ ọ̀mọlé, ò ń da omi sí ohun tí bàbá rẹ kọ́?”

Ẹni tí kò bá gbé nínú ilé ọ̀mọlé lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Láti kékeré, bí òjò bá ṣú, gbogbo wa là ń sáré gbé imọ̀ ọ̀pẹ lọ bo orí ògiri. Ẹni tó bá da omi ìṣanwọ́ sí ìdí ògiri, ìgbátí ló ń gbà. Ọ̀tá nìkan ló ń da omi sára ilé.

“Gbọ́ mi dáadáa,” ó wí. “Bó o bá tún da ẹ̀kán omi kan síbẹ̀, èmi lo dà á lé lórí, torí abẹ́ rẹ̀ ni mo máa jókòó sí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn. Bí bíríkìlà bá pa irọ́, omi mi ni yóò wó dẹ́kìn lé bàbá mi. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ, igi tí wọ́n fẹ́ yọ ni yóò wó o lé e. Kò sí ọ̀kan tó yọ bàbá mi kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ síbi iṣẹ́ bí ìṣe mi. Mo dúró sídìí dúrọ́ọ̀mù, mo gbé agbè omi lọ́wọ́, n kò dà á, n kò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìṣù kejì. Ó ti rì sínú ẹrẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló hàn. Mo yọ ọ́, ó dúdú, ó sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo fi òkúta gbá a. Òkúta ló bó. Mo dì í sínú ìborùn, mo sì sá lọ sílé.

Bàbá mi ti wọ aṣọ, ó ń dúró de àwọn tó máa gbé e. Mo gbé ìṣù náà síwájú rẹ̀, mo sì gbé òòlù tì í.

“Kí lèyí?”

“Ti onílé ni.”

“Níbo ló wà?”

“Ìdí dúrọ́ọ̀mù. Inú omi.”

Ó gbá a mú. “Ó tutù. Eléyìí kò tíì gbẹ rárá.”

“Ẹ fọ́ ọ, Bàbá.”

N kò pàṣẹ fún bàbá mi rí. Ó wò mí, ó sì mú òòlù. Ó lù ú, òòlù ta padà sókè. Ó tún lù ú. Yèyé mi kígbe láti ìdí ààrò.

“Ẹni tí kò lè rìn, kí lẹ̀ ń gbá níbẹ̀?”

Bàbá mi di òòlù mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ègé kékeré kan bó lára ìṣù náà, kò ju èékánná lọ. Ó mú un, ó fi eyín gé e wò. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí èyí tó fọ́ lánàá, ó fi ìka méjì rún un, yanrìn sì ń dà sórí ẹní. Ó ń rún un, ó ń wo yanrìn.

“Lánàá, gbígbẹ ni mo wò,” ó wí. “N kò wo bó ṣe rọrùn láti fọ́.”

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé.

“Ó tutù, ó ń jóni. Ó ń mu omi, ó ń le. Irú kí lèyí?” Ó wá gbé ojú sí mi. “Lọ sọ fún tíṣà kí káfíńtà má fọwọ́ kàn án.”

“Kí Yèyé lọ, Bàbá.”

“Ìwọ lo rí i. Sáré!”

Mo kó ìṣù méjèèjì sínú ìborùn, mo sì sáré. Kí n tó dé, tíṣà àti káfíńtà ti wà nínú yàrá ìsàlẹ̀, káfíńtà sì ti yọ igi kan nígun. Ó ti gbé òòlù sókè sí èkejì.

“Ẹ dúró, sà!” Ohùn mi ròkè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. “Kò tíì le! Gbígbẹ ló gbẹ, kò le. Èyí tó mu omi ló le. Bàbá ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án. Bíríkìlà náà sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni n kò sọ.”

Káfíńtà sọ òòlù kalẹ̀.

“Tíṣà, ẹ̀yin náà gbọ́? Ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀!”

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìborùn, ó tú u, ó sì fi ọwọ́ fọ́ èyí tó funfun. Kò pẹ́ tó fi rọra jáde kúrò lábẹ́ dẹ́kìn, ó sì ní kí káfíńtà dá igi igun padà. Káfíńtà dá a padà, ó sì fi ìṣó kàn án.

Nígbà tí bíríkìlà ti Ìkẹ̀rẹ̀ dé, ó gun òkè, ó kúnlẹ̀, ó wo ibi igun yẹn títí. Ó rí ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun. Ó fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ dí i, ó ní ìyẹn kò lè ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n kí a máa fún un lómi sí i. Ó wá sílé wa, ó rí yanrìn lórí ẹní.

“Bàbá, ẹlẹ́rìí yín ti sọ̀rọ̀?”

“Ọ̀kan parọ́,” bàbá mi wí. “Bóyá èmi ni n kò gbọ́ èdè rẹ̀. Gbé bàtà òjò rẹ yẹn wá níjọ́ mìíràn.”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, ohun tó ń kọ́kọ́ bi mí ni, “Ṣé o ti fún un lómi?” bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́, awọ tuntun jáde, ṣùgbọ́n ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun kò lè fi mọ òkúta nínú amọ̀ mọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí bíríkìlà tó gbà pé kí wọ́n yọ igi. Bàbá mi fi ọ̀pá rìn wá. Bàtà òjò bíríkìlà ló wọ̀, ó tóbi jù ú. Yèyé mi ru iyán tẹ̀lé e. Bàbá mi ní kí wọ́n gbé àpótí òun sáàárín yàrá, láàárín igi.

“Bàbá, kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́,” bíríkìlà wí.

“Àwa ń ṣe é.”

“Bí nǹkan bá já bọ́ ńkọ́?”

“Ṣé ìwọ kọ́ lo pò ó?”

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ láti àárín, igi kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń wo òkè ju bó ṣe ń wo ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bàbá mi ṣí iyán, ó ń jẹ. Eruku já sínú ọbẹ̀, ó fi ìka yọ ọ́, ó nù ún sára bàtà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di òpó ilẹ̀kùn mú. Ó rí mi. Ó sún lórí àpótí.

“Wá jẹun. O ò pọn omi tó?”

Mo wọlé, mo jókòó tì í. Iyán náà gbóná, n kò mọ adùn rẹ̀. Bíríkìlà dúró níta díẹ̀, ó ń wo àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó ṣanwọ́, ó tẹríba gba abẹ́ igi tó kù, ó sì wá lóṣòó síwájú abọ́.

Káfíńtà lu igi tó gbẹ̀yìn, igi náà ṣubú. Èmi àti bíríkìlà gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹran ni bàbá mi ń wá nínú ọbẹ̀.